Bàbá, Ṣé Áńgẹ́lì Àbúrò Mi Sùn Lọ́jọ́ Náà Ni?

Ìbéèrè tó wọlé sí mi rèé, mo ti gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ o Bàbá. Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin la jọ wà nínú mọ́tò nígbà tí jàǹbá ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Òun kú, èmi ò ní ju ojú ọgbẹ́ méjì lọ. Gbogbo èèyàn ní áńgẹ́lì mi ló yọ mí, kí n máa dúpẹ́. Mo ń dúpẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ti àbúrò mi ńkọ́? Ṣé òun ò ní tiẹ̀ ni àbí áńgẹ́lì tiẹ̀ sùn lọ? Ẹnì kan ní ẹ̀ṣẹ̀ ló máa ń lé áńgẹ́lì jìnnà séèyàn. Ẹlòmíì ní kí n má sunkún mọ́, pé àbúrò mi ti di áńgẹ́lì tó ń ṣọ́ mi báyìí. Mo tún rí ọkùnrin kan nínú fídíò tó ní òun á sọ orúkọ áńgẹ́lì èèyàn fún un tó bá sanwó, pé tí mo bá ń rí 11:11 lójú fóònù mi, áńgẹ́lì ló ń pè mí. Mo sì máa ń rí i, torí mi ò kì í rí oorun sùn mọ́. Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí gan-an ni iṣẹ́ wọn?"

Ọmọ mi, o kú ìrọ́jú, Ọlọ́run á tù ẹ́ nínú. Ó ti lé ní 30 ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní katikísìmù, ìyẹn ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ìjọ Kátólíìkì, ìbéèrè nípa áńgẹ́lì tí wọ́n ti bi mí ò lóǹkà, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ jẹ́ tàwọn ọmọdé, ṣé wọ́n níyẹ̀ẹ́, ṣé wọ́n ń jẹun, ṣé akọ ni wọ́n àbí abo. Tìẹ yìí kì í ṣe irú ẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, mo gbé fóònù sílẹ̀, ọjọ́ kejì ni mo tó lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ, torí náà tó bá gùn, fara dà á fún mi.

Ibi tó le jù ni màá ti bẹ̀rẹ̀, torí tí mo bá lọ ń to ìtumọ̀ áńgẹ́lì sílẹ̀ fún ẹ kó tó kan àbúrò ẹ, o ò ní gbọ́ nǹkan kan nínú ẹ̀.

Ṣí Bíbélì ẹ sí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 12. Gbogbo wa la mọ ìtàn yẹn, bí áńgẹ́lì ṣe yọ Pétérù kúrò lẹ́wọ̀n, wọ́n ti fi wàásù fún wa títí. Àmọ́ ẹsẹ kejì orí yẹn, ńṣe la máa ń fò ó. Ẹsẹ kejì ní Hẹ́rọ́dù fi idà pa Jákọ́bù arákùnrin Jòhánù. Gbólóhùn kan péré, ó tán. Jákọ́bù yìí kì í sì í ṣe ẹni ẹ̀yìn o, òun àti Pétérù àti Jòhánù ni Jésù máa ń mú dání tó bá ń lọ síbi tí kò mú àwọn tó kù lọ, wọ́n jọ wà lórí òkè nígbà tí ojú rẹ̀ ń tàn bí oòrùn, wọ́n jọ wà nínú ọgbà Gẹtisémánì. Ìgbà tí Hẹ́rọ́dù wá rí i pé ikú Jákọ́bù dùn mọ́ àwọn kan nínú, ló bá mú Pétérù náà, ó fi í sọ́wọ́ ọ̀wọ́ ọmọ ogun mẹ́rin, ọmọ ogun mẹ́rin nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn èèyàn 16 tó ń ṣọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Lóru ọjọ́ tó kù ọ̀la kí wọ́n mú un jáde, áńgẹ́lì wọlé, ó gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó jí i, ẹ̀wọ̀n já bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Wò ó dáadáa. Ọba kan náà, ìlú kan náà, ìjọ kan náà tó ń gbàdúrà. Ṣé o rò pé wọn ò gbàdúrà fún Jákọ́bù ni? Lúùkù tó kọ ìtàn yẹn ò sọ pé Jákọ́bù dẹ́ṣẹ̀. Kò sọ pé ìgbàgbọ́ Pétérù ló ju tiẹ̀ lọ, Pétérù wo, ṣé èyí tó sẹ́ Jésù lẹ́ẹ̀mẹta lóru ọjọ́ kan? Kò sọ pé áńgẹ́lì Jákọ́bù sùn. Kò ṣàlàyé rárá, ó kàn fi ìkíní sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì, ó ń bá ìtàn ẹ̀ lọ. Mo ti gbọ́ oríṣiríṣi àlàyé táwọn èèyàn ń ṣe lórí ibẹ̀, kí n má purọ́ fún ẹ, kò sí èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn nínú gbogbo ẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìyá tó bí Jákọ́bù náà máa béèrè ohun tí ò ń béèrè yìí.

Pétérù tí wọ́n yọ yẹn gan-an, ṣé ó kú sórí bẹ́ẹ̀dì ni? Ìtàn ìjọ látìgbà àtijọ́ ni pé Róòmù ni wọ́n pa á sí, nígbà ìjọba Nero. Lọ́jọ́ yẹn, kò sí ẹni tó wá gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ pé dìde kíá. Tó bá wá jẹ́ pé kéèyàn má kú niṣẹ́ tí wọ́n gbé fún áńgẹ́lì, a jẹ́ pé kò sí èyí tó yege nínú wọn, torí gbogbo ẹni tí wọ́n ti ń ṣọ́ láti ọjọ́ yìí ló kú, àfi ká yọ Énọ́kù àti Èlíjà sílẹ̀.

Iṣẹ́ wo wá ni? Mímọ́ Augustine, bíṣọ́ọ̀bù kan nínú ìjọ àtijọ́, sọ ọ̀rọ̀ kan tí ìwé katikísìmù ìjọ Kátólíìkì fi bẹ̀rẹ̀ àlàyé ẹ̀ ní nọ́ńbà 329, ó ní áńgẹ́lì jẹ́ orúkọ iṣẹ́ wọn, kì í ṣe orúkọ irú ẹ̀dá tí wọ́n jẹ́. Ẹ̀mí ni wọ́n, iránṣẹ́ niṣẹ́ wọn. Iránṣẹ́ ò sì ń lọ síbi tó wù ú, ibi tí wọ́n bá rán an ló ń lọ, ohun tí wọ́n bá ní kó ṣe ló ń ṣe. Hébérù 1:14 sọ ẹni tí wọ́n rán wọn sí, ó ní wọ́n rán wọn láti ṣèránṣẹ́ nítorí àwọn tó máa jogún ìgbàlà. Nọ́ńbà 336 nínú katikísìmù wá mú ọ̀rọ̀ Mímọ́ Basil wọlé, ẹni tó gbé ayé ní ọ̀rúndún kẹrin, pé ẹ̀gbẹ́ onígbàgbọ́ kọ̀ọ̀kan ni áńgẹ́lì kan wà, tó jẹ́ aláàbò àti olùṣọ́ àgùntàn ẹ̀, láti mú un dé ibi ìyè. Ṣó o rí i? Ibi ìyè ni wọ́n ní kí wọ́n mú wa dé. Ààbò yẹn wà nínú ẹ̀ lóòótọ́, mi ò sọ pé kò sí, Orin Dáfídì 91 tó ní Ọlọ́run á pàṣẹ fún àwọn áńgẹ́lì ẹ̀ kí wọ́n máa ṣọ́ wa ò purọ́, àmọ́ torí ibi tá à ń lọ ni wọ́n ṣe ń dáàbò bò wá, bí ẹni tó ń mú ọmọdé lọ sílé ṣe máa di ọwọ́ ẹ̀ mú tí wọ́n bá dé títì.

Gẹtisémánì gan-an ni mo fẹ́ kó o ro. Lúùkù 22:43 ní áńgẹ́lì kan yọ sí Jésù láti ọ̀run, ó ń fún un lókun. Ó ń fún un lókun ni o, kò gba ife ìyà ọwọ́ ẹ̀. Ẹsẹ tó tẹ̀ lé e gan-an ló wá ní ó wà nínú ìrora, ó gbàdúrà kíkan sí i, òógùn ẹ̀ wá dà bí ẹ̀jẹ̀ tó ń kán sílẹ̀. Ìyẹn ni pé áńgẹ́lì ti dé kó tó di pé ó le tó bẹ́ẹ̀. Lóru yẹn náà ló sọ fún Pétérù, Mátíù 26:53, pé tóun bá bẹ Bàbá òun, á fi áńgẹ́lì tó ju líjíónì 12 lọ ránṣẹ́. Líjíónì kan nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Róòmù máa ń tó nǹkan bí 5,000 èèyàn, wá fi 12 lọ́nà ẹ̀. Gbogbo wọn wà níbẹ̀, kò sí èyí tó sùn. Wọn ò kàn rán wọn ní irú iṣẹ́ yẹn lóru ọjọ́ náà ni.

Wàyí o, ikú fúnra ẹ̀. Nínú Lúùkù 16, Lásárù tálákà wà lẹ́nu ọ̀nà olówó, ajá ń lá egbò ẹ̀, kò síbi tí wọ́n ti dárúkọ áńgẹ́lì nínú gbogbo ìyà ẹ̀ yẹn. Ẹsẹ 22 ni wọ́n yọjú, ó ní tálákà náà kú, àwọn áńgẹ́lì sì gbé e lọ sí oókan àyà Ábúráhámù. Gbé e lọ! Wọn ò dúró kó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn. Orí ẹsẹ yìí ni orin tí ìjọ Kátólíìkì máa ń kọ nígbà tí wọ́n bá ń gbé òkú jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì dúró lé, In paradisum lórúkọ ẹ̀ ní èdè Látìn, ó ní kí àwọn áńgẹ́lì mú ẹ dé párádísè, kó o ní ìsinmi ayérayé pẹ̀lú Lásárù tó ti jẹ́ tálákà rí. Tí wọ́n bá kọ ọ́ níbi ìsìnkú àbúrò ẹ, ó ṣeé ṣe kó o má gbọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ nǹkan lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀.

Torí náà, ìdáhùn mi ni pé rárá, kò sùn. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé àwọn méjèèjì ló wà nínú mọ́tò yẹn, tìẹ àti tiẹ̀, kò sì sí èyí tó fi iṣẹ́ ẹ̀ sílẹ̀. Ìdí tí iṣẹ́ yẹn fi rí bó ṣe rí fún kálukú yín lọ́jọ́ náà wà lọ́wọ́ Ẹni tó rán wọn, ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún ẹ pé òun mọ ìdí ẹ̀, rọra jìnnà sí i.

Èyí tó tiẹ̀ bí mi nínú jù nínú lẹ́tà ẹ ni ẹni tó ní ẹ̀ṣẹ̀ ló ń lé áńgẹ́lì lọ. Ọ̀rọ̀ burúkú gbáà, kì í ṣe torí pé ó dùn ẹ́ nìkan o, kì í ṣòótọ́ ni. Nígbà tí ilé ìṣọ́ kan wó lu èèyàn 18 ní Sílóámù tí wọ́n kú, Jésù bi àwọn tó wà lọ́dọ̀ ẹ̀ pé ṣé ẹ rò pé ẹ̀ṣẹ̀ wọn ló ju ti gbogbo ará Jerúsálẹ́mù lọ ni? Òun fúnra ẹ̀ ló dáhùn pé rárá. Mímọ́ Thomas Aquinas, àgbà onímọ̀ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ nínú ìjọ Kátólíìkì, náà gbé ìbéèrè yìí yẹ̀ wò ní nǹkan bí 750 ọdún sẹ́yìn, ṣé áńgẹ́lì máa ń fi ẹni tó ń ṣọ́ sílẹ̀, ó ní kì í fi í sílẹ̀ pátápátá láé, pé ó lè jẹ́ kí ìyọnu kan dé bá a gẹ́gẹ́ bí ètò Ọlọ́run, àmọ́ kò lọ. Ká tiẹ̀ rò ó báyìí, olùṣọ́ àgùntàn wo ló ń sá lọ nígbà tí àgùntàn bá ṣìnà? Ìgbà yẹn gan-an la nílò ẹ̀ jù! Jésù ní ayọ̀ máa ń wà níwájú àwọn áńgẹ́lì Ọlọ́run lórí ẹlẹ́ṣẹ̀ kan tó ronú pìwà dà, báwo lèèyàn ṣe máa yọ̀ lórí ẹni tí kò wo ọ̀dọ̀ ẹ̀ mọ́?

Ọ̀rọ̀ yẹn ní apá kejì tí wọ́n máa ń sọ nígbà míì láìmọ̀, pé ìwọ yè torí pé o mọ́ jù ú lọ, àdúrà ẹ gbéra ju tiẹ̀ lọ. Má jẹ́ kí wọ́n gbé adé yẹn lé ẹ lórí, ó wúwo, kì í sì í ṣe tìẹ.

Ẹni tó ní àbúrò ẹ ti di áńgẹ́lì ní tiẹ̀, má bínú sí i, ìtùnú ló ń wá tó fi sọ bẹ́ẹ̀, mo ti gbọ́ ọ níbi ìsìnkú ọmọdé débi pé mi ò kì í dá wọn lóhùn mọ́ níbẹ̀. Àmọ́ ìwọ bi mí. Èèyàn ò ń di áńgẹ́lì bí ẹja ò ṣe ń di ẹyẹ, ẹ̀dá ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ẹ̀mí lásán tí kò ní ara, kò fìgbà kan jẹ́ èèyàn rí. Ibi tí Jésù ti sọ pé àwọn tó jíǹde máa dà bí áńgẹ́lì nínú Mátíù 22, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ló ń sọ níbẹ̀, ó sì ní bí áńgẹ́lì, kò ní wọ́n máa di áńgẹ́lì. Wá wo ohun tó máa bọ́ lọ́wọ́ ẹ tá a bá gba ọ̀rọ̀ yẹn. Ìgbàgbọ́ wa ni àjíǹde ara, ara àbúrò ẹ yẹn, ojú ẹ̀, bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín, gbogbo ohun tó mú kó jẹ́ òun. Tó bá ti di áńgẹ́lì, kò sí àbúrò ẹ mọ́ nìyẹn, ẹlòmíì ló gba ipò ẹ̀. Mo mọ̀ pé o ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Àbúrò ẹ ṣì ni, tó bá ń gbàdúrà fún ẹ lọ́dọ̀ Ọlọ́run, gẹ́gẹ́ bí àbúrò ẹ ló ṣe ń gbà á.

Ká wá sọ̀rọ̀ ọkùnrin inú fídíò, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Má sanwó. Nínú ìwé Onídàájọ́ orí 13, Mánóà bàbá Sámúsónì béèrè orúkọ áńgẹ́lì tó wá sọ fún òun àtìyàwó ẹ̀ pé wọ́n máa bímọ, áńgẹ́lì yẹn ní kí ló dé tó ò ń béèrè orúkọ mi, ìyanu ni. Kò sọ ọ́. Tí áńgẹ́lì tó dúró síwájú Mánóà lójúkojú ò bá sọ orúkọ, báwo ni tìẹ ṣe máa gba ọ̀dọ̀ ọlọ́jà kan sọ tiẹ̀? Ọ̀rọ̀ yìí ò sì tuntun. Lọ́dún 745, nígbà Póòpù Zachary, àwọn bíṣọ́ọ̀bù pàdé ní Róòmù lórí ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Aldebert tó kó orúkọ áńgẹ́lì mẹ́jọ sínú àdúrà, wọ́n dá a lẹ́bi, wọ́n ní nínú gbogbo orúkọ yẹn Máíkẹ́lì nìkan làwọn mọ̀. Lọ́dún 2001 ilé iṣẹ́ Póòpù tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìsìn tún kọ ọ́ sínú ìwé ìlànà, nọ́ńbà 217, pé kí wọ́n má ṣe gba àwọn èèyàn níyànjú láti máa sọ áńgẹ́lì lórúkọ, àfi Máíkẹ́lì, Gébúrẹ́lì àti Ráfáẹ́lì tí orúkọ wọn wà nínú Ìwé Mímọ́. Ìdí ẹ̀ ò ṣòroó rí, tó o bá ti rò pé o mọ orúkọ ẹnì kan tó o lè máa pè kó wá dá ẹ lóhùn, kò ní pẹ́ tí wàá fi bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ fún un, iránṣẹ́ Ọlọ́run á wá di iránṣẹ́ ẹ. Jòhánù fúnra ẹ̀ wólẹ̀ fún áńgẹ́lì nínú Ìfihàn 22, áńgẹ́lì yẹn ní má ṣe bẹ́ẹ̀, ìránṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ ẹ lèmi náà, Ọlọ́run ni kó o jọ́sìn.

11:11 ńkọ́? Kò síbi tí mo ti rí i nínú Ìwé Mímọ́ tàbí nínú ẹ̀kọ́ ìjọ kankan pé áńgẹ́lì ń fi nọ́ńbà aago pe èèyàn. Aago fóònù ń dé 11:11 lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, bó ṣe ń dé 10:47, 11:11 kàn rọrùn láti rántí ni. Ohun tí 11:11 alẹ́ ń sọ fún ẹ, tó o bá fẹ́ kí n túmọ̀ ẹ̀, ni pé o ò tíì sùn.

O lè wá ní, Bàbá, tí kì í bá ṣe nọ́ńbà, báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé wọ́n wà? Ibí yìí ni àwọn àgbà ti sọ̀rọ̀ tó wúlò. Aquinas ní áńgẹ́lì ò lè yí ìfẹ́ inú ẹ padà, Ọlọ́run nìkan ló lágbára yẹn, ohun tí áńgẹ́lì lè ṣe ni kó tan ìmọ́lẹ̀ sí òye ẹ, kó mú nǹkan kan wá sí ẹ lọ́kàn, ìwọ lo máa gbà á tàbí kó o kọ̀ ọ́. Ìwé kan tó ti wà láti ọ̀rúndún kejì, Olùṣọ́ Àgùntàn tí Hermas kọ, sọ pé áńgẹ́lì òdodo máa ń rọra, ó ní ìtìjú, ó kún fún àlàáfíà, tó bá wọ ọkàn ẹ, ohun tó dáa ló máa ń sọ, àmọ́ ti ibi máa ń bínú, ó máa ń korò. Ignatius ti Loyola tún wá fi àpèjúwe kan sọ ọ́ ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún tí mo fẹ́ràn gan-an. Ó ní fún ẹni tó ń gbìyànjú láti sún mọ́ Ọlọ́run, ọwọ́ áńgẹ́lì rere máa ń dà bí ẹ̀kán omi tó kán sórí kànrìnkàn, ó wọlé wẹ́rẹ́, o ò gbọ́ ariwo ẹ̀. Ti èṣù dà bí ẹ̀kán omi tó kán sórí òkúta, tó ta pàpà. Nítorí náà ohùn tó ń sọ fún ẹ lóru pé ìwọ ló yẹ kó kú, pé ẹ̀ṣẹ̀ ẹ ló pa àbúrò ẹ, tó ń ta pàpà lórí ẹ, kì í ṣe áńgẹ́lì ẹ nìyẹn. Mo ń sọ ọ́ láìsí iyèméjì kankan. O ò kọ ọ́ sínú lẹ́tà ẹ o, àmọ́ mo ti bá àwọn tí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí sọ̀rọ̀, mo mọ bó ṣe máa ń wá.

Èmi ò mọ ìjọ tó ò ń lọ. Bó bá jẹ́ pé àwọn tìẹ ò kọ́ ẹ pé ẹnì kọ̀ọ̀kan ní áńgẹ́lì tiẹ̀, má torí ẹ̀ dààmú, John Calvin, ọ̀kan lára àwọn aṣáájú ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì níbẹ̀rẹ̀, náà ní òun ò ní fọwọ́ sọ̀yà lórí ìyẹn, pé ohun tó dá òun lójú ni pé kì í ṣe áńgẹ́lì kan ṣoṣo ló ń tọ́jú kálukú wa, gbogbo wọn ló fi ọkàn kan ń ṣọ́ wa. Àwa Kátólíìkì ń tọ́ka sí Mátíù 18:10, níbi tí Jésù ti sọ pé áńgẹ́lì àwọn ọmọ kékeré ń wo ojú Bàbá òun nígbà gbogbo, àwọn kan ní ìyẹn ò sọ pé ìkọ̀ọ̀kan. Wọn ò tíì torí ẹ̀ pa ara wọn. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ààfáà máa ń sọ tiwọn fún mi, ó wà nínú Àlùkùràánì, Súrà 13 ẹsẹ 11, pé àwọn kan wà níwájú àti lẹ́yìn èèyàn tí wọ́n ń ṣọ́ ọ pẹ̀lú àṣẹ Ọlọ́run, wọ́n sì ní hàdíìsì, ìyẹn ọ̀rọ̀ Ànábì wọn, pé ṣíìfù ni àwọn màláíkà ń gbà, tọ̀sán tòru, ìgbà ìrun àsùbá àti alásàrí ni wọ́n máa ń pàdé, tí àwọn tó ṣọ́ òru bá gòkè lọ Ọlọ́run á bi wọ́n, òun tó mọ̀ jù wọ́n lọ, pé báwo lẹ ṣe fi àwọn ẹrú mi sílẹ̀? Wọ́n á ní bá a ṣe dé la bá wọn lórí ìrun, bá a ṣe ń lọ náà la fi wọ́n sílẹ̀ lórí ìrun. Ó dùn mọ́ mi létí nígbà tó kọ́kọ́ sọ ọ́, kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Ní ti ojoojúmọ́, ohun tó o lè máa ṣe ò pọ̀. Mímọ́ Bernard ti Clairvaux tó wàásù lórí Orin Dáfídì 91 ní ọ̀rúndún kejìlá sọ mẹ́ta, pé kéèyàn bọ̀wọ̀ fún wọn torí wọ́n wà níbẹ̀, kó fẹ́ràn wọn torí wọ́n ń ṣe dáadáa sí i, kó fọkàn tán wọn torí wọ́n ń ṣọ́ ọ. Èyí àkọ́kọ́ yẹn ló le jù fún mi ní tèmi, ó ní má ṣe níwájú áńgẹ́lì ẹ ohun tó ò ní lè ṣe níwájú èmi. Póòpù John XXIII náà sọ ọ́ pé Póòpù Pius XI ló kọ́ òun, nígbà tóun ń ṣiṣẹ́ aṣojú ìjọ nílẹ̀ òkèèrè, pé tóun bá fẹ́ lọ bá ẹni tó ṣòroó bá sọ̀rọ̀, kóun bẹ áńgẹ́lì òun kó lọ bá áńgẹ́lì onítọ̀hún sọ̀rọ̀ sílẹ̀ kóun tó dé. Mo ti dán an wò. Kò sọ ẹni tó le di ẹni tó rọ̀, àmọ́ èmi tí mò ń lọ bá a ló máa ń rọ̀, bóyá ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ gan-an nìyẹn.

Tó o bá tún wọ mọ́tò, de bẹ́líìtì ẹ. Mo mọ̀ pé wíwọ mọ́tò gan-an á ti máa bà ẹ́ lẹ́rù, mi ò sì sọ ọ́ láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, mò ń sọ ọ́ torí àwọn tó ń ka Orin Dáfídì 91 tí wọ́n wá ń sáré àsápajúdé. Èṣù náà ka Orin Dáfídì 91 létí Jésù lórí ṣóńṣó tẹ́ńpìlì, ó ní bẹ́ sílẹ̀, wọ́n á gbé ẹ lọ́wọ́, Jésù ní ìwọ kò gbọdọ̀ dán Olúwa Ọlọ́run rẹ wò. Tún padà wo Pétérù nínú ẹ̀wọ̀n, ẹ̀wọ̀n irin já bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, géètì irin ṣí fúnra ẹ̀ fún wọn, ohun tí Pétérù ò lè ṣe nìyẹn. Àmọ́ áńgẹ́lì ní di àmùrè ẹ, wọ bàtà ẹ. Kò bá a wọ bàtà. Ìgbà tí wọ́n sì rin títì kan tán, ó fi í sílẹ̀ kó máa dá lọ.

Èyí tí mo fẹ́ kó o mú lọ́wọ́ lálẹ́ òní ni ti Èlíjà, Ọba Kìíní orí 19. Ó ti sú u, ó jókòó sábẹ́ igi kan nínú aṣálẹ̀, ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun, ó sùn lọ. Áńgẹ́lì dé, kò wàásù fún un, kò bi í pé ìgbàgbọ́ ẹ dà, kò ní kó má sunkún. Ó fọwọ́ kàn án, ó ní dìde, jẹun. Búrẹ́dì tó wà lórí ẹyin iná àti ìgò omi kan ló wà níbi orí ẹ̀. Ó jẹ, ó mu, ó tún padà sùn, áńgẹ́lì ò bínú, ó jẹ́ kó sùn, ó tún wá lẹ́ẹ̀kejì, ó ní dìde, jẹun, torí ọ̀nà yìí jìn jù fún ẹ. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó rìn fún 40 ọjọ́ dé Hórébù, òkè Ọlọ́run. Torí náà tí ẹnì kan bá gbé oúnjẹ síwájú ẹ lọ́sẹ̀ yìí, jẹ ẹ́. Tí oorun bá gbé ẹ lọ, sùn, kì í ṣe pé o gbàgbé àbúrò ẹ. Tó bá wá jẹ́ pé oorun ò wá rárá títí di bó o ṣe ń ka èyí, lọ rí dókítà, Ọlọ́run ń rán àwọn náà níṣẹ́.

Àdúrà kékeré tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọdé wà, èyí tó ní kí áńgẹ́lì Ọlọ́run tànmọ́lẹ̀ sí mi, kó ṣọ́ mi, kó darí mi, kó tọ́ mi sọ́nà. Èmi bàbá arúgbó ṣì ń gbà á kí n tó sùn. October 2 ni àjọ̀dún wọn nínú kàlẹ́ńdà ìjọ, láti 1670 tí Póòpù Clement X ti fi í fún gbogbo ìjọ lágbàáyé, màá wà ní Mísà lọ́jọ́ yẹn. O sọ gbogbo nǹkan fún mi nínú lẹ́tà ẹ, o ò sọ orúkọ àbúrò ẹ. Fi ránṣẹ́ sí mi, kí n lè dárúkọ ẹ̀ níbẹ̀.